Ṣááfútì Kan, Ohun Èlò Púpọ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Fi Lathe Yí Igi ní Gúúsù Èkìtì

Ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ bá àwọn oníṣẹ́ igi sọ lónìí, nítorí náà kí àwọn oníṣẹ́ irin dákun fara balẹ̀, wọ́n á gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wọ́n.

Ẹ̀rọ tí a ń pè ní lathe, èyí tó ń yí igi kí a lè fi síséèlì gé e rogodo, ti wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń ṣe ẹsẹ̀ àga, ẹsẹ̀ ibùsùn, igi àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àti àwọn òpó kéékèèké tó wà níwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ àga bọ́ sórí abọ́ àti ọpọ́n. Ó ra chuck, ìyẹn irin ẹlẹ́nu mẹ́rin tó ń gbá igi mú, tàbí kí àbúrò rẹ̀ fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti London. Ó gbé e dé orí ẹ̀rọ, kò wọ̀. Yálà ihò rẹ̀ fẹ̀ jù, tàbí ó kéré jù, tàbí kí ó tilẹ̀ wọlé díẹ̀ kí ó sì há.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nígbà náà ni mo fẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n á tú ṣááfútì, ọ̀pá irin tí mọ́tò oníná ń yí, wọ́n á gbé e lọ fún tọ́nà, oníṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, pé kó fá orí rẹ̀ kí ó lè bá chuck tuntun mu. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn ohun èlò tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ di pàǹtí. Bí òmíràn bá tún dé lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún fá a, bẹ́ẹ̀ irin tí a bá ti fá kúrò kì í padà sípò. Tèmi ni pé ṣááfútì kì í lọ bá ohun èlò. Ohun èlò ni kó máa wá bá ṣááfútì. Orí kan náà ni à ń dé onírúurú fìlà lé, a kì í gbẹ́ orí nítorí fìlà.

Mi ò lè dé gúúsù Èkìtì kí n sọ̀rọ̀ igi láì dárúkọ Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló gbé, Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, ló ṣiṣẹ́ fún, láti ibẹ̀ ni àwọn ọba mìíràn sì ti ń ránṣẹ́ pè é. Ó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ. Ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dípò rẹ̀ fún ọba. Ilẹ̀kùn yẹn wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní, òpó kan láti ààfin kan náà sì wà ní Chicago. (Èmi ò rí i pé pàṣípààrọ̀ yẹn dọ́gba rárá, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lẹ pè mí fún.)

Ọlọ́wẹ̀ kò lo lathe. Irinṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ayé ìgbà náà, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ló ti ń wá, alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí, tó mọ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Bí irin kò bá wọ èèkù, a dá a padà fún un, á tún un rọ. Lóde òní, wẹ́dà tó ṣe ṣááfútì lè wà ní Àkúrẹ́ kí ẹni tó ṣe chuck wà ní China. Wọn ò ní fojú kan ara wọn láéláé. Ohun tó lè mú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì bára mu kò ju ìwọ̀n tí àwọn méjèèjì jọ gbà lọ. Níbi tí wọn ò bá ti jọ gbà á, káfíńtà ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo orí ṣááfútì náà dáadáa. Lórí rẹ̀ ni tírẹ́ẹ̀dì wà, àwọn eyín tó yí irin ká bíi ti bóòtù, tí ohun èlò fi ń mú un. Lẹ́yìn tírẹ́ẹ̀dì ni èjìká wà, ibi tí irin ti nípọn sí i, tí ẹ̀yìn ohun èlò gbọ́dọ̀ fara tì. Bí ó bá jẹ́ lathe tó jáde láti ilé-iṣẹ́, ẹ óò tún rí ihò kan láàrin orí náà, tó gbòòrò ní ẹnu tó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń wọnú lọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tírẹ́ẹ̀dì ni gbogbo ènìyàn ń wò, èjìká ni wọ́n ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ èjìká gan-an ló ń sọ bóyá abọ́ yóò máa yí dọ́gbadọ́gba tàbí yóò máa mì. Tírẹ́ẹ̀dì kàn ń fa ohun èlò mọ́ra ni. Ohun tó ń mú un dúró ṣánṣán ni ojú èjìká tó fara tì.

Kí ló dé tí tírẹ́ẹ̀dì fi pọ̀ tó báyìí? Joseph Whitworth, ará England, ló gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1841 pé kí ilé-iṣẹ́ gbogbo gé tírẹ́ẹ̀dì bákan náà, kí àlàfo eyín kan sí èkejì ṣí ní digírì 55. Ní 1864, William Sellers ní Philadelphia sọ pé digírì 60 ló rọrùn láti gé, tó sì rọrùn láti yẹ̀ wò. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e. Àwọn ará Yúróòpù tó ń lo mílímítà gba 60 náà, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n ka iye eyín tó wà nínú íǹṣì kan, wọ́n ń wọn àlàfo láti eyín kan sí èkejì. Nàìjíríà jogún gbogbo wọn. Irin Gẹ̀ẹ́sì wà nílẹ̀ láti ayé òyìnbó. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó ẹ̀rọ wọlé láti ìlà-oòrùn Yúróòpù fún ẹ̀kọ́ Introductory Technology ní àwọn ilé-ìwé girama, ti mílímítà sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni kò jáde kúrò nínú àpótí, torí kò síná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́yìn náà ni ọjà China dé, èyí tó ń ṣe ti Amẹ́ríkà fún Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù fún Yúróòpù, tó sì ń kó àwọn méjèèjì pọ̀ wá fún wa.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra nǹkan, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ fi vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn orí tírẹ́ẹ̀dì láti etí dé etí, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé rúlà lé e, kí ẹ ka eyín tó wà nínú íǹṣì kan. Bí vernier bá sọ nǹkan bíi mílímítà 25, tí eyín sì jẹ́ 8, ti íǹṣì kan nìyẹn. Òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ lathe kéékèèké tí a ń ṣe fún Amẹ́ríkà. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 32 tí eyín rẹ̀ jẹ́ 8, ti íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin ni, ti àwọn lathe Amẹ́ríkà tó tóbi. Bí ó bá jẹ́ 33, tí àlàfo eyín sí eyín jẹ́ mílímítà 3.5, ti Yúróòpù ni, wọ́n ń pè é ní M33. Èyí tó kéré bíi mílímítà 19, tí eyín 16 kún inú íǹṣì rẹ̀, ẹ óò rí i lórí àwọn lathe Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi Coronet àti Record.

Ibì kan wà níbẹ̀ tó ń tan ènìyàn jẹ. Ohun èlò M33 á gorí ṣááfútì íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin, nítorí ìyàtọ̀ àárín 31.75 àti 33 kò pọ̀ lójú. Á wọlé, á sì há, ẹni tó ń yí i á rò pé ó ti mú. Kò mú rárá: àlàfo eyín ti ọ̀kan jẹ́ 3.5, ti èkejì jẹ́ 3.175, orí góńgó eyín díẹ̀ ló fi dúró, kò sì dé èjìká. Ẹni tó bá fi igi ńlá sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó tan iná, kí Ọlọ́run ṣọ́ ojú rẹ̀. Ohun èlò tó tọ́ máa ń wọlé pẹ̀lú ìka méjì láti eyín àkọ́kọ́ títí dé èjìká. Èyí tí ẹ bá ní láti fi sípánà fún wọlé, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Wàyí o, ọ̀pọ̀ lathe tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa kò ti ilé-iṣẹ́ kankan wá. Wẹ́dà ló jó o: irin áńgù fún ara rẹ̀, bẹ́árìn méjì, ṣááfútì, púlì, bẹ́líìtì àti mọ́tò oníná. Mi ò bú u o. Lathe tí a jó dáadáa máa ń wúwo ju èyí tí wọ́n kó wọlé lọ, ìwúwo sì dára fún iṣẹ́ yìí. Àléébù rẹ̀ ni pé a kì í ronú nípa orí ṣááfútì títí gbogbo nǹkan á fi parí. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a ra bẹ́árìn ni a ti pinnu ohun tí orí yẹn lè gbà. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ilé bẹ́árìn tí wọ́n ń pè ní UCP. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ẹ ti mọ ìwọ̀n ihò rẹ̀: UCP205 gba ṣááfútì mílímítà 25, UCP206 gba 30, UCP207 gba 35.

Bí ẹ bá mú 205, ọ̀pá 25 kò kéré jù fún tírẹ́ẹ̀dì íǹṣì kan eléyín 8, torí ìwọ̀n yẹn fàyè gba 25 géérégé. Ṣùgbọ́n kò ní èjìká, nítorí gbogbo ọ̀pá náà ṣe déédéé. Ẹ ní láti fi òrùka irin há a kí ẹ sì fá ojú rẹ̀. Bí ẹ bá mú 207 torí pé ẹ fẹ́ M33, èjìká tí ó kù á jẹ́ mílímítà kan péré yí ká, ó sì kéré. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni 206: ọ̀pá 30 tí tọ́nà fá orí rẹ̀ di íǹṣì kan. Èjìká mílímítà méjì lé díẹ̀ kù yí ká, láti ara ọ̀pá náà fúnra rẹ̀, tí kò sí òrùka tó lè yẹ̀.

Ìdí kejì tí mo fi ń gbè lẹ́yìn íǹṣì kan eléyín 8 ni ọjà. Íǹṣì kan eléyín 8 ni ìwọ̀n gbogbogbòò fún bóòtù íǹṣì kan, nítorí náà ẹ lè rí nọ́ọ̀tù rẹ̀ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bóòtù ńlá. Bóòtù íǹṣì kan àti ìdámẹ́rin ti ọjà, eyín 7 ló ní, kì í ṣe 8, nítorí náà nọ́ọ̀tù rẹ̀ kò wúlò fún lathe oníwọ̀n yẹn. Ìdí kẹta ló sì jinlẹ̀ jù, mo fẹ́ kí àwọn tọ́nà gbọ́ ọ dáadáa.

Àdápítà ni irin tó ń wà láàrin ṣááfútì àti ohun èlò tí kò bá a mu: inú rẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì ti ṣááfútì, ẹ̀yìn rẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì ti ohun èlò. Bí ṣááfútì bá jẹ́ íǹṣì kan tí chuck sì jẹ́ M33, tírẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn á wà lórí tírẹ́ẹ̀dì inú gan-an, ara irin tó kù láàrin wọn á tó mílímítà kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀, àdápítà náà kò sì ní fi chuck jìnnà sí bẹ́árìn. Ẹ yí i padà, kí ṣááfútì jẹ́ M33 kí chuck jẹ́ íǹṣì kan: kò sí bí ẹ ṣe lè kó èyí tó kéré sórí èyí tó tóbi. Àdápítà náà gbọ́dọ̀ gùn jáde, tírẹ́ẹ̀dì kékeré á wà níwájú tírẹ́ẹ̀dì ńlá. Gbogbo bí ohun èlò ṣe ń jìnnà sí bẹ́árìn ni ìmì rẹ̀ ń pọ̀ sí i: ẹ̀yẹ̀ tó jẹ́ ìdámẹ́wàá mílímítà kan níbi tó jìn sí bẹ́árìn ní 50, á di ìlọ́po méjì rẹ̀ níbi 100. Láti kékeré lọ sí ńlá ni ọ̀nà tó rọrùn. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ máa yí igi ràgàjì, irú èyí tí a lè gbẹ́ odó nínú rẹ̀, nílò ṣááfútì tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa mélòó ló ń ṣe ìyẹn?

Tọ́nà tó bá fẹ́ ṣe àdápítà, kí ó gé tírẹ́ẹ̀dì inú àti ti ẹ̀yìn láì tú irin kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, kí àárín méjèèjì má baà yàtọ̀. Ojú méjèèjì, èyí tó fara ti èjìká ṣááfútì àti èyí tí chuck fara tì, kí ó fá wọn lákòókò kan náà. Kí ó gbẹ́ ẹnu tírẹ́ẹ̀dì inú fẹ̀ díẹ̀, kí eyín àkọ́kọ́ má baà dí i lọ́wọ́ láti dé èjìká. Ẹ tún ní kó lu ihò súkúrù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màá sọ ohun tó wà fún láìpẹ́.

Ihò tó ń tín-ín-rín lọ sínú náà ní ìtàn tirẹ̀. Stephen Morse, ará Amẹ́ríkà tó ṣe irin ìlu-ihò oníyìípo, ló gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é di òní. Ó ń tín-ín-rín ní mílímítà kan nínú bíi 20, ó sì ń mú ara rẹ̀ láìsí bóòtù. Nọ́ńbà 2 ló wọ́pọ̀ lórí lathe igi, ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 17.78, ti nọ́ńbà 1 jẹ́ 12.065, búúṣì sì wà tó ń mú nọ́ńbà 1 wọ inú nọ́ńbà 2. Ó dára fún irin olórí ṣóńṣó tó ń ti ẹsẹ̀ àga láàrin, torí pé èyí tó wà lódìkejì ń tì í wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi tì í láìsí nǹkan lódìkejì, tí síséèlì sì ń gbún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tú jáde. Àwọn tó ní ṣááfútì oníhò jákèjádò máa ń fi bóòtù gígùn fà á láti ẹ̀yìn. Ọ̀pá tí wẹ́dà wa ń lò kì í sábà níhò, lílu ihò la ọ̀pá gígùn já sì le fún ọ̀pọ̀ tọ́nà, torí irin ìlu-ihò máa ń yà. Bí ihò kò bá jákè, báwo ni ẹ óò ṣe yọ irin náà? Ẹ kò lè fi ọ̀pá gbún un láti ẹ̀yìn. Nítorí náà ní tiwa, ẹ jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì ṣe iṣẹ́ abọ́, kí irin olórí ṣóńṣó náà ní tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. A lè fi ihò Morse sílẹ̀ pátápátá láìpàdánù nǹkan.

Ẹni tí kò bá lówó chuck ńkọ́? Òun ni mo tilẹ̀ ní lọ́kàn jù. Ẹ ra nọ́ọ̀tù íǹṣì kan, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó o mọ́ àwo irin tó nípọn bíi mílímítà 8 tàbí 10, kí ẹ lu ihò súkúrù mẹ́rin sí i. Ooru iná á fa irin náà wọ́, kò sí wẹ́dà tó lè dá a dúró. Kò burú. Ẹ fi súkúrù so pákó àpá tàbí ìrókò tó gbẹ dáadáa mọ́ ojú àwo náà, ẹ yí i lórí lathe tìkára rẹ̀, ẹ fá pákó náà títí ojú rẹ̀ á fi dọ́gba. Pákó náà ti tún irin ṣe nìyẹn. Igi abọ́ ni ẹ óò wá fi gọ́ọ̀mù tàbí súkúrù so mọ́ pákó yẹn. Bí pákó bá tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò nílò wẹ́dà rárá. Ẹ mú bóòtù íǹṣì kan, ẹ fi gíráńdà fa ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i lóròó, kí ẹ fá ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ti di irin tí a fi ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú igi. Ẹ lu ihò ìdámẹ́jọ méje íǹṣì, ìyẹn bíi mílímítà 22, sínú pákó tó le, ẹ fi bóòtù yẹn gé e díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i padà sẹ́yìn kí èérún igi lè jáde. Eyín 8 nínú íǹṣì kan fẹ̀ tó láti dúró nínú igi. Ẹni tó bá ṣe mẹ́wàá nínú wọn lè ní abọ́ mẹ́wàá tí iṣẹ́ ń lọ lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń gbé wọn sórí ẹ̀rọ tó sì ń sọ̀ wọ́n láì tú súkúrù kan. Ẹni tó ní chuck olówó ńlá kan ṣoṣo kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti bo imú yín nígbà tí ẹ bá ń fá ìrókò; èérún rẹ̀ ń yọ imú lẹ́nu, ó sì ń yún ara.

Mo ní màá sọ ti súkúrù kékeré. Ìhà tí lathe ń yí sí ló ń mú kí ohun èlò túbọ̀ há mọ́ ṣááfútì. Bí ó bá yí padà sẹ́yìn, yóò tú u. Mọ́tò olókùn iná mẹ́ta máa ń yí padà sẹ́yìn bí ẹni tó tún òpó iná ṣe lójú títì bá ṣi okùn méjì gbé ní ipò ara wọn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí iná bá dé lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tan ẹ̀rọ náà lófìfo ná, kí ẹ wo ìhà tó ń yí sí. Súkúrù ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí àdápítà tú sílẹ̀ kó fò lu ènìyàn.

Eré lathe náà ńkọ́? Ẹ fi íǹṣì wọn ìbú igi, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Kí èsì rẹ̀ má ju 9,000 lọ, kó má sì dín púpọ̀ sí 6,000. Abọ́ oníǹṣì 10 kò gbọ́dọ̀ yí ju 900 lọ. Mọ́tò tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń yí bíi 1,400. Púlì íǹṣì 3 lára mọ́tò àti 6 lára ṣááfútì á sọ ọ́ di 700. Ẹsẹ̀ àga oníǹṣì 3 gba 2,000 sí 3,000, ẹ yí àwọn púlì náà padà síra wọn. Nígbà tí igi bá ṣì rí págunpàgun, ẹ tún dín in kù.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí àwọn ṣọ́ọ̀bù láti Àgbàdo dé Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré gba orí ṣááfútì kan ṣoṣo: íǹṣì kan, eyín 8, lórí ọ̀pá 30. Ẹni tó bá ti ní òmíràn tẹ́lẹ̀, kí ó má fá a. Kí tọ́nà ṣe àdápítà fún un. Bí a bá ti jọ gbà á, ẹni tó wà ní Ìsẹ̀ lè yá chuck lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Àgbàdo níbí. Kí àwọn tọ́nà ṣe nọ́ọ̀tù kan àti bóòtù kan tó péye, kí ẹgbẹ́ káfíńtà máa tọ́jú wọn. Ṣááfútì tuntun tí nọ́ọ̀tù yẹn kò bá fi ọwọ́ lásán dé èjìká rẹ̀, kí ẹ má san owó rẹ̀. Nípa ẹni tí yóò máa mú nọ́ọ̀tù náà lọ́wọ́ láàrin ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yin ni kí ẹ jókòó sọ ọ́, èmi ò sí níbẹ̀.

Mo mú vernier àti rúlà dání. Ẹni tó bá gbé ṣááfútì tàbí chuck wá, kí ó gbé e wá sórí tábìlì iwájú yìí ká jọ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá sì ní ìbéèrè, kí ó dìde.